Àmù, kẹ́ẹ̀gì, dúrọ́ọ̀mù àbí táńkì: èwo ló bá ilé yín mu?

Omi ẹ̀rọ ìjọba ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ilé-iṣẹ́ omi Ìjú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún Èkó lómi. Ọdún 1942 ni ti Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lórí odò Ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni dáàmù Aséjìrè dé lórí odò Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ládùúgbò tí páìpù ti dípẹtà, tàbí níbi tí wọn ò tilẹ̀ ri páìpù mọ́lẹ̀ rí: omi inú dáàmù lọ́tọ̀, omi inú ilé lọ́tọ̀. Kànga, bọ̀hóòlù, òjò àti mẹruwà ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbójú lé, gbogbo wọn ló sì ní ọjọ́ tí wọn kì í wá. Ìdí nìyẹn tí ohun tí à ń pa omi mọ́ sí fi ṣe pàtàkì bí ibi tí a ti ń pọn ọ́n.

Mo fẹ́ fi àwọn ohun ìpamọ́ omi tó wọ́pọ̀ wé ara wọn níbí, kí ẹni tó ń múra àtirà lè mọ èyí tó yẹ ilé rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú jù lọ ni pé kò yẹ kí a máa wá ohun kan ṣoṣo tí yóò gba gbogbo omi ilé. Omi tí à ń mu àti omi tí a fi ń fọṣọ kò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ohun kan náà. Ẹni tó bá ti gba èyí gbọ́, yíyàn rẹ̀ á rọrùn, owó rẹ̀ náà á sì dín kù.

Ẹ ka orí, ẹ ka ọjọ́

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í lélẹ̀ pé lítà 50 sí 100 lóòjọ́ ló tó ẹnì kan láti mu, láti fi dáná, láti fi wẹ̀ àti láti fi fọ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí á mú 50, nítorí pé korobá la fi ń wẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé wa. Ilé ẹlẹ́ni márùn-ún á lo lítà 250 lóòjọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni omi ń wá, lítà 1,000 ni ilé náà gbọ́dọ̀ lè pa mọ́. Ẹ fi ti ọjọ́ kan tàbí méjì kún un, nítorí ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá jó tàbí tí iná bá lọ tí kò dé. Iye yẹn ni kí ẹ gbé lọ sọ́jà, ẹ má ṣe wo títóbi táńkì aládùúgbò.

Ẹ wá yọ omi ẹnu sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ẹnì kan ń mu àti èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ rẹ̀ kì í sábà ju lítà 7 lọ lóòjọ́. Ẹni márùn-ún, lítà 35. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì gbà á, àyè á sì ṣẹ́ kù. Ẹ ò rí i pé omi tó ń fẹ́ ìtọ́jú gidi kò pọ̀ rárá. A lè sè é, a lè fi oògùn sí i, a lè dé e pa, láìná owó gọbọi. Kò sẹ́ni tó lè se lítà 1,000.

Omi ẹnu: àmù, kẹ́ẹ̀gì, korobá ẹlẹ́nu ẹ̀rọ

Àmù ni àgbà wọn. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìpetumodù àti ti Dada n'Ílọrin ṣì ń mọ ọ́n, mi ò sì mọ ohun kan tí iná mọ̀nàmọ́ná ò sí nínú rẹ̀ tó ń mú omi tutù tó bẹ́ẹ̀. Ara amọ̀ kì í di pátápátá. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ gba ara rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó sì ń kó ooru èyí tó kù nínú lọ pẹ̀lú. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ìgbà náà ni omi àmù máa ń tutù jù. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ́rinrin, àmù kò wá lè fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá gbé àmù sí kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn ò dé rárá ti gba ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi ọ̀dà kun ún kó lè dára lójú.

Fífọ àmù ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n á da ìyókù omi sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á bu yanrìn wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á fi ewé eépín, tó le lára bíi pépà ìfági, ha inú rẹ̀ láti ọrùn lọ sí ikùn, láti ikùn lọ sí ìdí, títí ọwọ́ ò fi ní yọ̀ lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n á fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á wá da ojú rẹ̀ dé sínú oòrùn. Wọn kì í fi ọṣẹ olóòórùn fọ̀ ọ́, nítorí pé amọ̀ á fa ọṣẹ náà mu, omi á sì máa ta sánsán ọṣẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí kò bá ní ààyè fún iṣẹ́ yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má ra àmù.

Ibi tí àmù ti kù díẹ̀ káàtó ni ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ife ń wọlé, ọwọ́ ń tẹ̀ lé ife. Omi lè mọ́ lójú kànga, kó tún mọ́ lórí ẹni tó pọn ọ́n, kí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé sì bà á jẹ́ nínú ilé. Àrùn onígbáméjì ń gba irú ọ̀nà báyìí wọlé. Nígbà tó jà l'Ékòó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ó yẹ kí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè pẹ̀lú pé kí ni wọ́n fi ń bù ú. Ọmọ kékeré ni àrùn yìí tètè ń gbẹ omi ara rẹ̀ tán, ohun tó sì ń mú kí n tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ife nìyẹn, kódà bí ó bá dà bí ọ̀rọ̀ kékeré.

Kẹ́ẹ̀gì yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ há, ọwọ́ ò lè wọ̀ ọ́, dídà nìkan la lè dà á. Ní ti kí omi má rí ìdọ̀tí, kẹ́ẹ̀gì fi ọ̀nà jìn sí àmù. Àléébù tirẹ̀ ni pé ẹnu híhá tó ń gbà á lọ́wọ́ ọwọ́ ọmọ kò jẹ́ kí kànǹkàn wọlé náà. Èyí tó funfun tó ń wo oòrùn á mú ohun aláwọ̀ ewé jáde nínú. Ẹ bu òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀kún ọwọ́ kan, omi àti ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa, ẹ ṣàn án. Kẹ́ẹ̀gì òróró ṣeé lò bí òróró bá ti kúrò nínú rẹ̀ tán. Èyí tó ti gba oògùn apakòkòrò, ásíìdì tàbí epo mọ́tò rí kò ṣeé lò fún omi láéláé, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Ara rọ́bà ti mu ún. Bí ẹ ò bá mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan tẹ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀kẹta wọn ni mo fẹ́ràn jù fún ilé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́: korobá onídèérí tí wọ́n ki ẹnu ẹ̀rọ kékeré bọ̀ nísàlẹ̀. Ọwọ́ kì í wọ̀ ọ́ láti bu omi, síbẹ̀ a lè ṣí ìdérí kí á fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè pọn omi fúnra rẹ̀ láì ba ti àwọn yòókù jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀fun tútù kó fi àmù kún un, ṣùgbọ́n kó ní ife ọlọ́wọ́ gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu kàn, kó gbé e kọ́ sára ògiri. Kó má ṣe gbé e sórí ìdérí àmù, torí ibẹ̀ ni eṣinṣin ń bà sí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa àmù àti oògùn omi. Amọ̀ tètè ń pa agbára kílórínì. Bí ẹ bá ń lo WaterGuard, oògùn omi tó ní kílórínì nínú, inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti po ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó dà á sínú àmù, kó sì jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ máa mu tán láàárín ọjọ́ kan. Omi tó rú ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó tòrò tàbí kí ẹ fi aṣọ funfun ṣẹ́ ẹ, nítorí pé ẹrẹ̀ ń jẹ agbára oògùn náà. Ẹni tó bá fẹ́ sè é kó jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kó jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò tí ó fi sè é, kó tó dà á sínú ohun tó mọ́.

Dúrọ́ọ̀mù: onírin àti onírọ́bà

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Méjèèjì ń gba nǹkan bí lítà 200. Onírin ń dípẹtà láti ìdí, ó ń sọ omi di pupa, ó sì lè gé ọmọ lára bí etí rẹ̀ bá ti jẹ. Onírọ́bà aláwọ̀ búlúù kò ní ìyẹn, ó fúyẹ́, ó sì ṣeé yí lọ síbi tí ẹ bá fẹ́. Onírọ́bà ni kí ẹ rà, kó ní ìdérí tó ń pa mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè ohun tó kó wọ ìlú bí ẹ ti ń béèrè lọ́rọ̀ kẹ́ẹ̀gì.

Ohun tó gba ọ̀rọ̀ ni tanwíjí. Ẹ gbé ìdérí dúrọ́ọ̀mù tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi iná fóònù tàn án: ẹ ó rí wọn lókè omi, tíńtín, orí wọn nísàlẹ̀, ìrù wọn lókè, bí òjìji yín bá ti bò wọ́n ni gbogbo wọn á máa yí bírí-bírí lọ sísàlẹ̀. Láti ẹyin títí tó fi fò kì í sábà ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ aláàmì funfun, Aedes aegypti, tó ń jẹni lọ́sàn-án, fẹ́ràn irú omi inú ilé báyìí, òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ẹyin rẹ̀ kì í sí nínú omi gan-an. Ara dúrọ́ọ̀mù ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, lókè ibi tí omi dé, ó sì lè wà níbẹ̀ ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ́jọ́ tí omi bá tún kàn án. Ìdí nìyẹn tí dídà omi nù nìkan kò fi tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìdérí bá ti sọnù, ẹ fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì bò ó kí ẹ sì fi rọ́bà dè é mọ́ ọn lọ́rùn gírígírí.

Ayálégbé tó ní yàrá kan tàbí méjì kò nílò ju èyí lọ: dúrọ́ọ̀mù rọ́bà méjì fún fífọ̀ àti wíwẹ̀, kẹ́ẹ̀gì méjì tàbí korobá ẹlẹ́nu ẹ̀rọ fún ẹnu. Bí ẹ bá kó kúrò, gbogbo rẹ̀ bá yín lọ. Ẹ má ṣe ri owó yín mọ́ ilé onílé.

Táńkì rọ́bà lókè àti táńkì kọnkéré lábẹ́ ilẹ̀

Ibí ni owó gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé àwọn onílé ń ṣìnà jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Lítà kan, kílò kan. Táńkì lítà 2,000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù 2, láìka ara táńkì fúnra rẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ọkàn yín wà lórí rẹ̀. Ìdí táńkì rọ́bà gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ, kí ibì kankan nínú rẹ̀ má ṣófo. Bí wẹ́dà bá fi irin mẹ́rin dábùú, tó sì to pákó sí i pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, rọ́bà á máa rì sínú àlàfo náà díẹ̀díẹ̀, ojú oòrùn á máa rọ̀ ọ́, lọ́jọ́ kan á là láti ìdí. Orí kọnkéré ló dára jù. Bó bá di dandan kó jẹ́ irin, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo gbogbo òkè rẹ̀, kí wọ́n fi kọnkéré gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ yẹn lọ́dọọdún, torí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sí òkè ibi tí ọmọ ń sùn tàbí tí wọ́n ti ń ṣeré. Táńkì òfìfo, ẹ̀wẹ̀, fúyẹ́ débi pé ìjì lè gbé e. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ní oṣù kẹta, ẹ rí i pé omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀.

Àǹfààní táńkì òkè ni pé omi ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, iná wà, iná ò sí. Ṣùgbọ́n agbára tó fi ń sọ̀ kò tó bí ọ̀pọ̀ ti ń rò. Mítà 10 lóòró ló ń fún omi ní agbára báà kan (báà ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Táńkì tó wà lórí sítáńdì mítà 3 á fún ẹ̀rọ ilẹ̀ lómi dáadáa, ṣùgbọ́n ṣáwà ilé òkè á máa ro tó-tó-tó. Bí ẹ bá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ṣírò rẹ̀ láti ojú ṣáwà tó ga jù, ẹ má ṣe ṣírò rẹ̀ láti ilẹ̀.

Àwọ̀ dúdú kì í ṣe fún ẹwà. Ìmọ́lẹ̀ kì í gba ara rẹ̀ kọjá, ohun aláwọ̀ ewé kò sì lè hù nínú omi tí kò rí ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń gbà padà ni pé omi ń gbóná lọ́sàn-án, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Fún wíwẹ̀, kò sí wàhálà. Fún mímu, ẹ padà sọ́dọ̀ àmù.

Táńkì kọnkéré abẹ́ ilẹ̀ ní ẹwà tirẹ̀. Ihò tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó jìn ní mítà kan àbọ̀ gba lítà 6,000, iye tí ẹ máa nílò táńkì rọ́bà lítà 2,000 mẹ́ta fún. Kò gba ààyè lójú ilẹ̀, oòrùn kì í ràn án, omi rẹ̀ tutù. Ilé tí omi ìjọba ń yọ sí lóru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú agbára tí kò tó kó gun òkè, kò ní ọ̀nà tó dára jù ú lọ láti gbà á.

Àmọ́ ohun tí ojú ò rí ló wà níbẹ̀. Bí táńkì òkè bá jò, ilẹ̀ á tutù, ẹ ó rí i lọ́jọ́ kejì. Bí ti abẹ́ ilẹ̀ bá la díẹ̀, omi á máa jáde nígbà tó bá kún. Nígbà tó bá wá sọ̀ kalẹ̀, tí òjò sì ti rin ilẹ̀ gbingbin, omi ilẹ̀ á máa wọlé láti ibi tó là kan náà. Kí ló wà nínú omi ilẹ̀ àdúgbò yín? Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ibi tí a ti ń rí omi mu jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, ó kéré tán. Pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bí mítà 18 sí 37. Ẹ ó rí i pé bí ẹ bá tilẹ̀ fi táńkì sí iwájú kí ẹ sì fi ṣọ́kàwéè sí ẹ̀yìn pátápátá, agbára káká ni yóò fi tó, ṣọ́kàwéè aládùúgbò sì lè wà ní mítà márùn-ún sí ògiri yín. Nítorí náà, kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ará ilé tọ̀tún àti tòsì pé níbo ni ti wọn wà. Ẹni tó bá ń wo tirẹ̀ nìkan kò tíì wò ó.

Ní Lẹ́kí, Àjàh àti àwọn ibi tí omi ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, ìṣòro mìíràn wà: omi láti ìsàlẹ̀ ń ti táńkì sókè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á gbẹ láti fọ̀ ọ́ nígbà òjò, ó lè gbéra tàbí kó là. Níbẹ̀, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbẹ́ ẹ, àfi bí onímọ̀ iṣẹ́ ilé bá yà á, tí bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ sì kọ́ ọ.

Bí ẹ bá pinnu láti kọ́ ọ, kí ẹnu rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀ tó ìdámẹ́ta mítà kí àgbàrá má bàa ṣàn wọ̀ ọ́. Kí ìdérí rẹ̀ jẹ́ irin tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo fi gbogbo ọkàn sọ èyí: ọmọ kì í pariwo nígbà tó bá já sínú omi. Pákó tí wọ́n kàn fi bo ojú ihò kì í ṣe ìdérí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ lọ fọ̀ ọ́ lójijì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè má tó mí, èéfín ẹ̀rọ tí ń fi bẹntiróòlù ṣiṣẹ́ sì ń pani níbẹ̀ kíá. Kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ẹ̀rọ ìfami wà lójú ilẹ̀ níta, kí ẹni tó wọlé so okùn mọ́ ara, kí ẹni tó lágbára sì dúró lókè tí kò ní kúrò níbẹ̀. Bí ẹni inú bá ṣubú, ẹni òkè kò gbọ́dọ̀ bẹ́ wọlé tẹ̀ lé e. Kó fa okùn, kó ké sí aráyé.

Táńkì onírin alápá mẹ́rin-mẹ́rin tí ẹ ń rí ní ọgbà iléèwé àti ilé ìwòsàn àtijọ́, tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì so pọ̀, kì í ṣe ti ilé ẹnì kan. Mo kàn mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ rà á ní àlòkù.

Fún onílé tó ní bọ̀hóòlù tirẹ̀, táńkì rọ́bà lítà 2,000 lórí kọnkéré tó fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, á gbà wọ́n fún ọjọ́ mẹ́jọ bí pọ́ǹpù bá bàjẹ́. Ilé ayálégbé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni mo ti ń gba ti abẹ́ ilẹ̀ rò, pẹ̀lú táńkì kékeré kan lókè tí yóò máa gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà níbẹ̀, ẹ yan ẹnì kan tí fífọ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ sọ orúkọ rẹ̀ létí gbogbo ilé, nítorí pé iṣẹ́ gbogbo ilé kì í sábà rí ẹni tí yóò ṣe é.

Ibi tí omi ti wá

Omi bọ̀hóòlù ọ̀pọ̀ ibi ní èròjà irin nínú. Ó ń mọ́ gaara bó ti ń jáde, bó bá ti rí afẹ́fẹ́ ni á pọ́n, á sì jókòó sí ìdí táńkì, aṣọ funfun á di aláwọ̀ osùn. Irú omi yìí ń fẹ́ táńkì tó ní ẹnu ìfọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹ lè ṣí lóṣooṣù kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ṣàn lọ. Omi mẹruwà, inú dúrọ́ọ̀mù ni kó máa lọ. Bó bá di dandan kó kan ẹnu, kó gba abẹ́ oògùn tàbí iná kọjá ná.

Ní ti omi òjò, ó dùn mí pé a ń wò ó tó ń ṣàn sí gọ́tà. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Òjò mílímítà 20, tí kì í ṣe òjò ńlá rárá, tó rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin, á fún yín ní lítà 2,000. Ẹ yọ èyí tó fọ́n dànù, lítà 1,600 á wọ táńkì. Òjò Ìbàdàn ń ju mílímítà 1,200 lọ lọ́dún. Ohun tó ṣòro ni pé ó ń wá pọ̀, ó ń dá dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn oṣù kẹwàá ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ pátápátá. Táńkì ilé kan kò lè pa á mọ́ di ìgbà ọyẹ́ fún fífọ̀ àti wíwẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹnu nìkan, ó ṣeé ṣe. Ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì, níbi tí ọ̀dá ti ń jà, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní 2003 láti kọ́ táńkì òjò mílíọ̀nù kan fún àwọn ará oko. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 16,000, ìdílé kan sì ń fi í mu omi, wọ́n ń fi í dáná, jálẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn tó gùn ju tiwa lọ.

Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù kí ẹ tó gbé páìpù sí táńkì, kí ẹ sì máa jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú gbogbo òjò lọ. Òrùlé tó ti dípẹtà, omi fífọ̀ ni tirẹ̀.

Lójú ọjà

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta táńkì, ẹ ní kó ṣí ìdérí, kí ẹ ki orí bọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ yí ká. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ níbì kankan lára ògiri rẹ̀, ó tín-ín-rín jù níbẹ̀. Ẹ fi ìka lu ara rẹ̀ yí ká, kí ẹ gbọ́ bóyá ìró rẹ̀ dọ́gba. Ẹ wo ibi tí ìdérí ti pàdé ọrùn, bóyá ẹ̀fọn lè gbà á wọlé, kí ẹ sì béèrè nẹ́ẹ̀tì fún páìpù tí omi ń gbà dànù bó bá kún. Pulọ́mbà ni yóò lu ihò rẹ̀. Kó fi ẹnu ìfọ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó sì fi èyí tó ń lọ sínú ilé sí òkè rẹ̀ díẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa tẹ̀ lé omi wọlé. Bí wọ́n bá ti gbé e dé orí ìtẹ́lẹ̀, ẹ fi omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wò ó yí ká kí ẹ tó san owó iṣẹ́ pulọ́mbà tó kù.